Ìsinmi Kì Í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ: Yóga Ìsinmi àti Àwa Tí À Ń Múra Ìdánwò

Bí ìdánwò WAEC àti NECO ṣe ń sún mọ́lé yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo ọmọ SS3: "Ṣé o ti kàwé?" Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ṣé o ti sinmi?" Ẹni tó bá sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, ojú ọ̀lẹ la fi ń wò ó. Ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé e lọ, tó mu kọfí tàbí tó jẹ obì títí ilẹ̀ fi mọ́, òun là ń pè ní akíkanjú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí ni pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìsinmi wà lára iṣẹ́ ìwé kíkà, ó sì ní ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà ni irú yóga kan tó jẹ́ pé ìsinmi nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní restorative yoga. Yóga ìsinmi ni màá máa pè é níbí.

Orí gbígbóná kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun

Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Àrò, Abẹ́òkúta, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Brain fag ni orúkọ tó fi pe ohun tó rí lára wọn, ìyẹn ni pé ó ti rẹ ọpọlọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ti ń lo orúkọ náà. Wọ́n ní orí àwọn ń gbóná, ó ń ṣe wọ́n bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń kàwé ṣùgbọ́n kò wọlé, èyí tí wọ́n sì kà tẹ́lẹ̀ ti fò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tí kò mọ nǹkan wọ̀nyí? Ṣebí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ ní kíláàsì: "Orí mi ti gbóná, kò wọlé mọ́."

Nígbà tó di 1980, Ọlúfẹ́mi Mórákinyọ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ó tọ́ka sí àìsùn, àti àwọn nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má baà kùn wọ́n lóru, pé wọ́n wà lára ohun tó ń fà á. Lónìí, ọ̀pọ̀ dókítà kì í kà á sí àìsàn ọ̀tọ̀ mọ́. Wọ́n ní àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń yọ jáde bẹ́ẹ̀. Orúkọ yòówù kí wọ́n pè é, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan náà ni: ohun tí à ń lò kí ìwé lè wọlé sí i lè jẹ́ ohun tó ń dí i lọ́nà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Àwọn tó ń ṣe Báyọ́lọ́jì á rántí autonomic nervous system. Ó ní apá méjì. Apá kìíní, tó ń jẹ́ sympathetic, ló ń ta ara jí. Bí ajá bá lé ọ ní àdúgbò, òun ló ń mú kí àyà rẹ máa lù kìkì, kí èémí rẹ yára, kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ le, kí o lè sá. Apá kejì, parasympathetic, ló ń mú gbogbo rẹ̀ padà wálẹ̀. Àyà á rọra máa lù, oúnjẹ á dà nínú ikùn, oorun á sì rí ọ̀nà wọlé.

Àpapọ̀ méjèèjì la nílò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ajá tó ń lé ni àti ìdánwò Físíìsì. Bí ẹ̀rù ìdánwò bá wà lọ́kàn láti àárọ̀ di alẹ́, apá kìíní ò ní dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi máa dùbúlẹ̀ lóru tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, síbẹ̀ tí oorun ò wá. Kí èèyàn kàn dùbúlẹ̀ ò tó. Ara gbọ́dọ̀ gbà pé ewu ti kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n fi òkè wa ṣàpèjúwe. Àtẹ̀gùn tí à ń gùn dé Ìdànrè àtijọ́ jẹ́ 660. Àwọn tó ṣe é ò rò pé ká sáré gùn ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Àlejò tó bá fi agídí kọjá gbogbo rẹ̀ láì jókòó, á dé òkè tán, á máa mí hẹlẹ, kò ní lè wo ààfin àtijọ́ tó tìtorí rẹ̀ wá. Ẹni tó ń jókòó díẹ̀díẹ̀ náà á dé òkè, ojú rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ láti wo ohun tó wà níbẹ̀. Bí ìwé kíkà ṣe rí nìyẹn. Ara kì í ṣe òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín òkúta là ń gbé ní Ìdànrè.

Ibi tí yóga ìsinmi ti wá

Ilẹ̀ Íńdíà ni yóga ti ṣẹ̀ wá láyé àtijọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni èyí tí à ń rí lórí fóònù, níbi tí èèyàn ti ń ká ara bí okùn. Yóga ìsinmi yàtọ̀ sí i.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ B. K. S. Iyengar, tí wọ́n bí ní 1918 ní Íńdíà. Àìsàn ò jẹ́ kó gbádùn nígbà èwe rẹ̀. Yóga ló fi gbé ara rẹ̀ ró, nígbà tó sì di 1937, ó lọ sí ìlú Pune láti máa kọ́ àwọn ẹlòmíì. Ó rí i pé àgbàlagbà àti aláìsàn ò lè ṣe bí ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo pákó, bẹ́líìtì, àga àti kúbùsù láti fi gbé ara wọn dúró. Ìwé rẹ̀, Light on Yoga, jáde ní 1966. Ọ̀kan nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Judith Hanson Lasater, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ físíò. Ìwé tirẹ̀, Relax and Renew, tó jáde ní 1995, wà lára ohun tó jẹ́ kí yóga ìsinmi di mímọ̀ káàkiri. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá ti ya June 21 sọ́tọ̀ fún yóga lọ́dọọdún, láti 2015.

Ìlànà yóga ìsinmi kò ju ọ̀kan lọ: ìwọ kọ́ ló máa gbé ara rẹ dúró, nǹkan mìíràn ni. Ìrọ̀rí, ẹní, ògiri àti ilẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́, kí iṣan rẹ lè yéé ṣiṣẹ́. Kò sí lílàágùn, kò sí fífa ara, kò sì gbọ́dọ̀ sí ìrora rárá.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ohun tí o nílò ni ẹní kan, ìrọ̀rí méjì, aṣọ ìbora kan àti ògiri. Bí ìrọ̀rí ò bá sí, ká ìró tàbí kúbùsù pọ̀ dáadáa. Pa fóònù. Má ṣe é nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán yó.

Èkíní, gbé ẹsẹ̀ sára ògiri. Jókòó kí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ kan ògiri, kí o wá rọra yí padà, kí o fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì sì gbára lé ògiri lókè. Tẹ́ aṣọ sábẹ́ orí. Na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀yìn itan bá ń fà ọ́, sún ìdí kúrò lára ògiri díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, dojú bo ìrọ̀rí. Kúnlẹ̀, jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ, la orúnkún díẹ̀, kí o to ìrọ̀rí méjèèjì léra síwájú rẹ. Wá tẹ̀ síwájú, gbé àyà àti ikùn lé wọn, kí o fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lélẹ̀ bí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí orúnkún bá ń dùn ọ́, fo èyí.

Ẹ̀kẹta, dùbúlẹ̀ gbalaja. Fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún kí ẹ̀yìn lè sinmi, tẹ́ aṣọ sábẹ́ orí, kí o sì da aṣọ bora, torí ara máa ń tutù tó bá ń sinmi. Fi aṣọ kékeré bo ojú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá dára. Tó o bá fẹ́ dìde, fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ ná, kó o tó fi ọwọ́ ti ara rẹ dìde.

Nínú gbogbo rẹ̀, imú ni kó o máa fi mí. Ka ení dé ẹ̀rin tó o bá ń mí sínú, ka ení dé ẹ̀fà tó o bá ń mí síta. Ọkàn máa ń rọra lù nígbà tí à ń mí síta, ìdí nìyẹn tí mímí síta fi gbọ́dọ̀ gùn jù. Bí èrò bá wọlé, má bá a jà, ṣáà padà sórí kíkà rẹ.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, àrùn ojú glaucoma tàbí ìṣòro ẹ̀yìn, kó bi dókítà kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí nǹkan kan bá ń dun ẹnikẹ́ni, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kú, kó jáwọ́.

Èmi náà ń ṣe é lálaalẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí. Ká sòótọ́, lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkàn mi ò dúró sójú kan. Ẹ̀kọ́ Ìṣirò ni mò ń rò ṣáá. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀ pé èjìká mi máa ń ká sókè tí mo bá ń kàwé. Ní báyìí, mo máa ń rántí sọ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn ń bi mí

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn mìíì lo fẹ́ kó wọlé?" Ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ni pé yóga ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn ilẹ̀ Íńdíà, àwọn kan sì ń ṣe é bí ìjọsìn. Ohun tí mo kọ síbí ò ní àdúrà, kò ní orin, kò ní òrìṣà. Ìdùbúlẹ̀ àti èémí ni. Bí orúkọ yẹn bá ń dà ọ́ láàmú, fi orúkọ sílẹ̀, kó o mú ìsinmi. Ní 1975, Herbert Benson, dókítà kan ní Harvard, kọ ìwé The Relaxation Response. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni ara lè gbà balẹ̀, àdúrà nínú ẹ̀sìn ẹni sì wà lára wọn. Krìstẹ́nì lè fi ẹsẹ Sáàmù kan sọ́kàn, Mùsùlùmí lè máa ṣe síkírì rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òbí yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó lè dípò oorun?" Rárá o. Kò dípò oorun, kò dípò ìwé kíkà, kò sì dípò dókítà. Bí inú ẹnì kan bá bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí kò lè jẹun, tí kò lè sùn, tàbí tó ń rò pé ayé ti sú òun, kó má fi mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kó sọ fún òbí rẹ̀ tàbí fún tíṣà tó ń gbani nímọ̀ràn, kí wọ́n mú un lọ sílé ìwòsàn.

"Àkókò dà?" Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa ò lówó ago, síbẹ̀ tí oòrùn bá ti mú lọ́sàn-án, wọ́n á tẹ́ ẹní sí abà, wọ́n á nà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ, torí wọ́n ṣì ń padà sídìí iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ wa rèé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwa SS3 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín ìgbà tí kíláàsì bá parí àti ìgbà tí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá wù lè dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbìyànjú èkíní lálẹ́ òní, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kẹ́ ẹ sì ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sínú àpótí Press Club tó wà lábẹ́ pátákó yìí. Màá dáhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.