Ohun Tí Glitter Ń Kọ́ Ọmọ Wa Nípa Ọwọ́ Fífọ̀

Tí ọmọ yín bá ti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé pẹ̀lú glitter lábẹ́ èékánná, ẹ má bínú. Ẹ̀kọ́ gidi ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Tíṣà á fi òróró díẹ̀ pa ọmọ kan lọ́wọ́, á wọ́n glitter sí i. Ọmọ náà á bọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, á di ìlẹ̀kùn mú, á mú pẹ́ńsù. Kò ní pẹ́ tí glitter á fi kan gbogbo kíláàsì. Bí kòkòrò àrùn ṣe ń rìn nìyẹn, ojú wa ni kò rí i.

Wọ́n á wá fọwọ́. Omi lásán kò ní mú un kúrò, torí omi àti òróró kì í rẹ́. Ọṣẹ ló ń bá wọn parí ìjà: apá kan rẹ̀ fẹ́ràn omi, apá kejì fẹ́ràn òróró, ó á sì fa ìdọ̀tí bá omi lọ.

Èmi nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́, kì í ṣe eré. Norovirus tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru nígbà òtútù, gel ọlọ́tí inú báàgì yín kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọṣẹ àti omi ni. Ara ọmọ lè yá lọ́jọ́ méjì. Màmá àgbà tó wà nílé lè dèrò ọsibítù torí omi ara tó gbẹ.

Ìṣẹ́jú àáyá 20 ló gbà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rọra ka ení, èjì, títí dé ogún bó ṣe ń fọ ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti àtàńpàkò. Ó fọwọ́, ó tún kọ́ Yorùbá. Ó dàbọ̀ o.