Ẹ Máa Ki Ara Yín Gun Òkè

Kóòṣì obìnrin náà kò wo kẹ̀kẹ́ rárá nígbà tó dé. Ó kí wa tán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó yọ ìwé kékeré kan àti bírò jáde nínú báàgì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo ọkùnrin tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Aago mélòó lẹ máa ń sùn? Ta ló ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé yín? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ yín wò kẹ́yìn? Ọkùnrin náà, tísà girama ẹni ọdún 41, ń wojú mi bí ẹni pé kí n gba òun sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ tó jí fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà dúró ti ògiri, ó ń dán gbinrin, kò sẹ́ni tó bojú wò ó.

Òkè-Ogbó la wà, ní Ilé-Ifẹ̀, láàárọ̀ Sátidé. Ẹlẹ́kọ ń polówó lọ, ọ̀kadà ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí èèyàn ń rà, tó bá sanwó fún ẹni tó máa kọ́ ọ ní ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré. Àbí ta ni kẹ̀kẹ́ ò tíì gbé ṣubú rí nígbà èwe?

Ohun tí tísà ń lé rèé: òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, kí wọ́n sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Nǹkan bíi 80 km ni àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀, tó túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 máìlì géérégé, ìwọ̀n tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ káàkiri ayé fi ń dán ara wọn wò. Kò sí ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀, kò sí owó. Inú tẹlifíṣọ̀n ló ti kó o, nígbà tí ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti àgbáyé kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kigali, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ọ̀nà 267.5 km ni wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin, òkè lórí òkè. Tadej Pogačar ọmọ Slovenia ló gbégbá orókè, ẹni 30 péré ló sì parí nínú gbogbo èrò tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kó lé èèyàn wọlé lọ sùn ló mú tísà wa lọ ra táyà tuntun.

Obìnrin yìí kọ́ ni kóòṣì àkọ́kọ́ tó bá dúnàádúrà. Ẹni tó wá ṣáájú, irin gbígbé ló ń kọ́ àwọn èèyàn. Ìyẹn ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó ní lọ́sẹ̀ mẹ́rin péré ẹsẹ̀ rẹ̀ á le koko, iye tó sì pè kò tó ti obìnrin yìí rárá. Ìyàwó tísà ló ní kó má san kọ́bọ̀ fún un. Mo gba ti ìyàwó.

Ìgbà tí ìbéèrè tán ni kóòṣì tó dìde. Ó ní kí tísà gun kẹ̀kẹ́, kó fọwọ́ kan di ògiri mú, kó gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà, kó sì tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Orúnkún rẹ̀ ṣì ká kò.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ìjókòó yín wálẹ̀ tó báyìí?"

"Kẹ́sẹ̀ mi lè kanlẹ̀ tí mo bá dúró ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ìjókòó, ó fa irin náà sókè ní ìwọ̀n ìka kan, ó dè é padà. Ó ní bí gìgísẹ̀ bá wà lórí pẹ́dà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán; nígbà tí èèyàn bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wà á, orúnkún á kàn tẹ̀ díẹ̀. Ó ṣì kù kó tún gòkè sí i, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣan má bàa yarí. Ó fi bírò sàmì síbi tó dé.

Ní báyìí, ó kù ká jáde. Àwọn méjèèjì dé akoto, kálukú gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èmi gun ọ̀kadà tẹ̀lé wọn. A gba Lágéré já sí Mayfair, a fi ariwo ọkọ̀ sílẹ̀, a yà wọ géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Road 1, tí igi ṣíji bò, ni kóòṣì fẹ́ lò. Ó sún mọ́ tísà.

"Ẹ máa ki ara yín."

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Oríkì ilé yín. Ẹ kì í sókè, kí n máa gbọ́."

Tísà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, ó ń dà á bí apẹsà. Àní ó tún fi ohùn dárà sí i, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá ń pàtẹ́wọ́. A dé ibi tó rọra ń gòkè. Ìlà kan di ààbọ̀ ìlà. Kò pẹ́, orúkọ baba ńlá rẹ̀ nìkan ló ń jáde, pẹ̀lú èémí ńlá lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ dẹwọ́," ni kóòṣì wí. Ó dẹwọ́, oríkì tún já gaara.

Ó ṣàlàyé nígbà tí a dúró mumi. Àwọn kan máa ń yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 láti mọ iye tí ọkàn lè lù ní ìṣẹ́jú kan tó bá dé góńgó. Ti tísà á jẹ́ 179. Ó ní àfojúbù lásán ni, ó lè fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà lára ẹnì kan ṣoṣo. Aago tó ń ka ìlùkìkì ọkàn sì wọ́n, ẹnu ò wọ́n. Níbi tí tísà bá ti lè ki oríkì láìmí hẹlẹ, ibẹ̀ ló máa wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí tó bá fi wa kẹ̀kẹ́ fún oṣù méjì. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ló máa fi wà á kíkankíkan. Á máa fi kún ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á dín in kù ní ìkẹrin, kí ara lè rí àyè tún ara ṣe.

Bó ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan tó di búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sáré kọjá. Ojú tísà tẹ̀lé e. Ó ti gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dà.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ni kóòṣì wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ojú mi là níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò kóòṣì kó tó lè sáré tẹ̀lé oníbúrẹ́dì. Ẹni tó máa dá wa dúró ni à ń wá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti pinnu nǹkan, àṣejù la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì ti fi í sílẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ dé, ó sì dàríyànjiyàn. Dodo Ìkirè ni tísà ti pinnu láti jẹ lójú ọ̀nà, ṣebí Ìkirè wà lọ́nà Ìbàdàn. Kóòṣì ní ata àti epo inú rẹ̀ á dà á láàmú kó tó dé Aṣéjíre. Kó rà á nígbà tó bá ń bọ̀, kó jẹ ẹ́ nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sí méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ló fọwọ́ sí, nítorí pé gíráàmù 30 sí 60 nínú oúnjẹ afáralókun ni ara ń fẹ́ ní wákàtí kan. Fún omi, irú èyí tí à ń pò fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru ló ní kó pò: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sínú omi lítà kan.

Tísà tún mẹ́nu kan kẹ̀kẹ́ olówó ńlá tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ tà fún un. Kóòṣì rán an létí Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tó díje ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tí ẹgbẹ́ Jámánì yá a ló fi kópa nínú eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní keirin. Lójú tèmi, ìtìjú orílẹ̀-èdè ni ìtàn yẹn. Kóòṣì lò ó bó ṣe fẹ́: ó ní ẹsẹ̀ ti wà kí kẹ̀kẹ́ tó dé.

A padà sí Òkè-Ogbó. Owó ló kù. Oṣooṣù ni kóòṣì ń gbà á, ààbọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ gbogbo ohun tó máa ṣe fún owó náà sínú ìwé. Tísà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fìka tọ́ka sí ibì kan.

"Ọjọ́ méjì ìsinmi lọ́sẹ̀. Ṣé màá sanwó ìyẹn náà ni?"

"Àwọn yẹn gan-an ló wọ́n jù níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n na ọjà náà síwá sẹ́yìn, kóòṣì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, tísà sanwó. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbé fún un ni pé kó lọ síléèwòsàn lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Títí èsì á fi dé, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́.

Tísà ní ṣé òun ò wá lè fi í dé Lágéré báyìí, kóun sáré lọ ra káàdì.

Kóòṣì nàka sí ọlọ́kadà tó gbé mi wá.