Ìdílé, Àbùdá àti Oríkèé Ìbàdí Ọmọbìnrin

Orí egungun itan rí roboto, inú ihò kan tí ó dà bí ife lára egungun ìbàdí ni ó sì ń gbé. Bí ihò yìí kò bá jìn tó bí ọmọ ti ń dàgbà, orí egungun náà kò ní í fìdí múlẹ̀. Ó lè yẹ̀ kúrò pátápátá. DDH ni àwọn oníṣègùn ń pe àléébù yìí. Àwọn obìnrin ni ó ń bá jà jù: bí ọmọkùnrin 1 bá ní i, ọmọbìnrin tí ó ní i a máa tó 4, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àléébù yìí a máa tẹ̀lé ìdílé. Ní 1970, Ruth Wynne-Davies, oníṣègùn egungun ní Edinburgh, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìdílé tí ó ti ṣẹlẹ̀. Bí àwọn òbí kò bá ní i ṣùgbọ́n tí ọmọ wọn kan ní i, ewu fún ọmọ tí wọn yóò tún bí jẹ́ 6 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ òbí kan ni ó ní i, ó di 12. Bí òbí kan àti ọmọ kan bá ní i, ó di 36. Ó tọ́ka sí ohun méjì tí ọmọ lè jogún: ihò tí kò jìn, àti iṣan oríkèé tí ó rọ̀ jù.

Àbùdá tí ó fà á kò mọ sí ẹyọ kan. Èyí tí ìwádìí tọ́ka sí jù ni GDF5, lórí kírómósómù 20, tí ó ń kópa nínú dídá oríkèé sílẹ̀ nínú oyún. Síbẹ̀, àwọn ìbejì tí àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan náà kì í fìgbà gbogbo ní i papọ̀. Ọmọ tí ó fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ nínú oyún wà nínú ewu jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n sì ń fi aṣọ dì í pinpin. Nígbà tí Japan kìlọ̀ fún àwọn ìyá nípa èyí ní àwọn ọdún 1970, DDH dínkù gidigidi. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú Áfíríkà, níbi tí àléébù náà kò ti wọ́pọ̀, àbùdá àti ọmọ pípọ̀n ni a máa ń tọ́ka sí, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ a ká, a sì yà lẹ́yìn ìyá.

Ní Britain, a máa yẹ ìbàdí ọmọ wò kí ó tó pé wákàtí 72, a sì tún un yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Wọn a béèrè bóyá òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ ní ìṣòro ìbàdí ní kékeré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Nítorí ìwádìí tí àwọn àna ń ṣe kí ìgbéyàwó tó wáyé, ìdílé mìíràn a máa fi ẹsẹ̀ títiro ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ṣe àṣírí. Ọmọbìnrin tí kò gbọ́ ọ rí kò lè dáhùn ìbéèrè náà. Orúkọ àbísọ bí Ìgè pàápàá jẹ́ ẹ̀rí: ó sọ pé ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ gbé jáde.

Bí a bá tètè rí i, bẹ́líìtì rírọ̀ tí ó ń mú ẹsẹ̀ ọmọ ká a máa tó nígbà púpọ̀. Bí ó bá pẹ́, iṣẹ́ abẹ ni. Tàbí kí obìnrin náà dàgbà tán kí oríkèé tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kí ó sì gbó ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí ìyá bá sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ nípa ìbàdí ara rẹ̀ lè dá ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ sí.