Ọgbà Ajá Àdúgbò: Bí A Ṣe Ń Pète Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Rí Owó Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo mú wá lónìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, ta ni kò mọ iṣẹ́ ajá? Òun ni ọdẹ ń mú wọ igbó. Òun ní í lé ọ̀yà kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́. Òun ní í gbó bí olè bá dé lóru. Ṣùgbọ́n ajá yìí kan náà ni a ń tú sílẹ̀ tí ó ń rìn káàkiri ọjà, tí ó ń jẹ̀ lórí ààtàn, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí ó sùn. Ibẹ̀ ni dìgbòlugi ti ń wọlé.

Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa dìgbòlugi. Inú itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni ó ń gbé. Bí ajá náà bá bu ènìyàn jẹ, kòkòrò á gba ojú ọgbẹ́ wọlé, á tọ iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ọpọlọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí àrùn bá ti fara hàn, tí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣègùn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún. Áfíríkà àti Éṣíà ni ó pọ̀ sí jù. Nínú ènìyàn 10 tí ó ń pa, nǹkan bí 4 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ajá bu ìyá kan nínú kíláàsì alẹ́ wa jẹ lẹ́sẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti fi epo àti ata sí ojú ọgbẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ wá." A fi ọṣẹ àti omi tí ó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, mo ń wo aago. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé kò ní abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́. Adó-Èkìtì ni a ti padà rí i. Owó ọkọ̀ àti owó abẹ́rẹ́ gbé gbogbo owó ẹ̀gẹ́ wọn lọ. Wọ́n yè é o. Títí di òní, wọ́n ní ọṣẹ mi ta wọ́n ju ata lọ.

Ní ìpàdé àdúgbò tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ ní kí a pa gbogbo ajá. Baba ọdẹ kan dìde, wọ́n ní, "Bí ẹ bá pa wọ́n tán, ta ni yóò máa bá yín ṣọ́ oko?" Ilé dákẹ́. Ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá sọ pé ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Berkeley, wọ́n ṣí ọgbà kan fún ajá ní ọdún 1979. Ohlone ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọgbà fún ajá! Àṣé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ní ìdí.

Tiwọn jẹ́ ibi ìṣeré. Tiwa gbọ́dọ̀ ṣe ju eré lọ. Ibi tí a ó ti máa kó ajá jọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ní tèmi, bí kò bá sí ti abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kí a má ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Bí 7 nínú ajá 10 bá ti gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kì í rí ọ̀nà rìn mọ́ láàárín wọn. Nítorí náà, kíka ajá ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹni tí ó mọ̀wé kọ mú ìwé, kí ó lọ láti ojúlé dé ojúlé. Bí ajá bá jẹ́ 60, a nílò kí ó kéré tán 42 gba abẹ́rẹ́.

Ilẹ̀ ló le jù. Bàbá kan lè fi ẹnu lásán fún àdúgbò ní ilẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá fa gbogbo yín lọ sí kóòtù. Ẹ pe olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: bí ilẹ̀ náà ti gùn tó, ibi tí ààlà rẹ̀ wà, iye ọdún tí wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ẹbí mú ẹ̀dà kan. Kí ilẹ̀ náà jìnnà sí odò tí a ń mu, kí igi ibòòji sì wà níbẹ̀.

Wáyà olójú ló dára jù fún ọgbà, àmọ́ ó wọ́n. Akòko àti pèrègún ṣe é gbìn yíká. Àwọn kan ní kí a fi lapálapá ṣe é. Rárá o, májèlé wà nínú èso rẹ̀. Kí ẹnu ọ̀nà jẹ́ méjì tí ó tẹ̀ léra: ẹ ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó ṣí èkejì, ajá kò ní já bọ́. Ẹ gbẹ́ ihò fún ìgbẹ́ wọn, torí aràn inú rẹ̀ lè ran ọmọdé.

Ó wá ku owó. Ká ní ilé 40 ló wà ládùúgbò, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá ₦500 lọ́sẹ̀. 40 lọ́nà 500 jẹ́ ₦20,000. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ó di ₦240,000. Ìjà tí yóò kọ́kọ́ dé ni pé, "Èmi ò lájá, kí ni mo fẹ́ sanwó fún?" Ìdáhùn mi ni pé ajá kì í bèèrè ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́ ẹsẹ̀ tí ó fẹ́ bù jẹ. Kí gbogbo ilé san, ṣùgbọ́n kí olówó ajá fi nǹkan lé e lórí ajá kọ̀ọ̀kan. Kí akápò kọ ọjọ́, orúkọ, iye owó àti ẹni tí ó gbà á. Kí ó máa kà á sókè ní gbogbo ìpàdé. Owó tí a bá kà sókè kì í tètè sọnù.

Ẹ lọ bá dókítà ẹranko ní ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́, kí ẹ bèèrè iye tí abẹ́rẹ́ jẹ́ àti bí wọn yóò ṣe gbé e wá nínú yìnyín. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí nílẹ̀ wa níbí. Ọmọ ajá lè gbà á ní oṣù mẹ́ta, kí ó sì tún un gbà lọ́dọọdún. Ọjọ́ 28 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ni gbogbo ayé ń rántí dìgbòlugi, ọjọ́ náà ni Louis Pasteur kú ní 1895. Òun ni ó fi abẹ́rẹ́ gba ọmọ ọdún 9 kan, Joseph Meister, tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní 1885. Ọjọ́ náà dára láti kó ajá jọ.

Tiwa kò tíì parí. Akòko ti ń yọ ewé, ilẹ̀kùn kejì ló kù. Ìyá tí ajá bù jẹ níjọ́sí ni akápò wa, àwọn ni wọ́n ń ka orúkọ sókè. Ní ìpàdé tí ó kọjá, wọ́n ka orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì. Orúkọ tíṣà wọn wà níbẹ̀.