Owó káńsù: Ta ló ń fọwọ́ sí i kó tó di gọ́tà?

Bí àgbàrá bá wó gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọjà ní ìlú kékeré kan, ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń wá lọ kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe ààrẹ. Káńsílọ̀ àdúgbò ni wọ́n ń lọ bá nílé, ẹni tí wọ́n mọ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì dìbò fún. Yálà Nàìjíríà ni o, Benin tàbí Ghana, èsì kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbọ́: owó kò tíì dé.

Nígbà míì, irọ́ ni. Àmọ́ ìgbà míì wà tó jẹ́ pé òótọ́ ni ó ń sọ, torí pé ní orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹni tí ará ìlú dìbò fún kọ́ ló sábà máa ń di ẹnu àpò owó mú.

Kí ni òfin ní kí káńsù ṣe?

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Ìwé òfin ọdún 1999 ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Àfikún Kẹrin: ọjà, gáréèjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ará ìlú, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, kíkó ilẹ̀, fífún òpópónà lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé, àti fífi orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti tọkọtaya sílẹ̀. Kódà, ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti ọmọlanke wà níbẹ̀. (Ẹ bi ọlọ́mọlanke kan léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́la, kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.)

Nínú náírà 100 tí Abuja bá fẹ́ pín látinú àpò àpapọ̀, náírà 52 àti kọ́bọ̀ 68 jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, náírà 26 àti kọ́bọ̀ 72 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀, náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60 sì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Orí ìwé nìyẹn o.

Abala 162 ìwé òfin kan náà ló ní kí owó káńsù kọ́kọ́ wọ inú àpò àjùmọ̀ní kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ á tún yọ owó iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn àti káńsù jọ ń ṣe. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni alága máa fi ṣe gọ́tà. Ibi tí gómìnà bá sì ti yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ láìdìbò, ta ni alága náà jẹ́ tí yóò béèrè pé níbo ni ìyókù lọ?

Ìjà náà kì í ṣe ti òní. Ní 2004, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá káńsù tuntun 37 sílẹ̀ kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Olusegun Obasanjo di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ nínú oṣù Kejìlá ọdún náà pé ààrẹ kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó di ìgbà tí Umaru Yar'Adua gorí àlééfà ní 2007 kí owó náà tó jáde tán.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ̀rọ̀, nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè, Lateef Fagbemi, pe ìpínlẹ̀ 36. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà: kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kí káńsù tí wọn kò dìbò yàn má sì rí kọ́bọ̀ gbà. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Àmọ́ nígbà tí ìdájọ́ náà pé ọdún kan, àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí ọ̀nà tí owó náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ káńsù.

Benin gba bírò lọ́wọ́ olórí káńsù

Bí ènìyàn bá sọdá ẹnubodè sí Benin, níbi tí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pobè wà, ọ̀nà mìíràn pátápátá ni wọ́n gbà. Káńsù 77 ni wọ́n ní, kọ́múùnù ni wọ́n ń pè é. Ìparí ọdún 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀, maire sì ni wọ́n ń pe olórí wọn.

Nínú ètò tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ Faransé, ọwọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ kan owó ìlú. Ẹnìkan ń pàṣẹ pé kí wọ́n san án. Ẹlòmíì, tí í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìṣúra ìjọba, ló ń san án. Ẹni tó ń pàṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó, ẹni tó ń san án kò sì lè pàṣẹ. Préfet tí ìjọba yàn tún ń yẹ ètò ìṣúná káńsù wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, maire ló ń pàṣẹ.

Òfin 2021-14, ti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2021, yí ìyẹn padà. Ó gba bírò lọ́wọ́ maire, ó gbé e fún akọ̀wé aláṣẹ kan, secrétaire exécutif lédè Faransé. Ẹni yìí kì í ṣe olóṣèlú. Kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Inú ìwé orúkọ kan tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé mú un. Maire ṣì ń darí ìpàdé, òun àti àwọn igbákejì rẹ̀ sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ akọ̀wé náà, àmọ́ wọn kì í fọwọ́ sí owó.

Ìdí tí ìjọba fi ṣe é yé ènìyàn: kí òṣèlú má bàa wọ inú ìwé owó, kí ẹni tó polongo ìbò fún maire má bàa di agbaṣẹ́ṣe lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n àwòrán maire ló wà lára ògiri nígbà ìbò. Bí gọ́tà bá wó, òun ni wọ́n máa bú. Ẹni tó di bírò mú ńkọ́? Bó ṣiṣẹ́ dáadáa, bó sì ṣe ìdàkudà, kò sí ìbò tí ará Kétu lè fi dá a dúró tàbí lé e lọ. Ìṣòro kan yanjú níbẹ̀, òmíràn sì wọlé.

Ti Ghana tún wà láàárín méjèèjì. Abala 252 ìwé òfin ọdún 1992 ní ìdá 5 nínú 100 owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ lọ sí àpò àwọn ìgbìmọ̀ àgbègbè. Àmọ́ ààrẹ ló ń yan ọ̀gá tó ń ṣàkóso àgbègbè kọ̀ọ̀kan, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ yóò sì fọwọ́ sí i. Ìjọba Nana Akufo-Addo fẹ́ kí ará ìlú máa dìbò yàn wọ́n, ó sì yí ètò náà dá ní oṣù Kejìlá ọdún 2019.

Kí ni ará ìlú lè béèrè?

Ní Benin àti Ghana, ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú láti wá jókòó gbọ́. Ní Nàìjíríà, òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti wà láti 2011, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ń sọ pé kò kan àwọn, títí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo wọn.

Ìyá ọlọ́jà tí gọ́tà rẹ̀ wó lè kọ lẹ́tà sí káńsù, kó béèrè iye tó wà nínú ètò ìṣúná fún gọ́tà náà, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, àti iye tí wọ́n ti san. Kò pọn dandan kó sọ ìdí tó fi fẹ́ mọ̀. Bí kò bá lè kọ, ó lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ káńsù á bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 7 ni òfin fún káńsù láti dá a lóhùn.