Ọ̀rọ̀ Kẹ́mísírì Nínú Ìdánwò Ìgbaniwọlé fún Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn

Láti ọdún 1978 tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti dá àjọ JAMB sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tí ó fẹ́ di dókítà ń gbà wọ yunifásítì. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń dáhùn ìbéèrè lé lórí: Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 60, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ 40. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 180, wákàtí méjì péré ni a sì fún akẹ́kọ̀ọ́ láti dáhùn wọn. Láti ọdún 2015 ni gbogbo rẹ̀ ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Bí a bá pín ìṣẹ́jú 120 náà fún ìbéèrè 180, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni yóò kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó ní láti kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ sínú Yorùbá kí ó tó ro kẹ́mísírì inú rẹ̀ ti ná àkókò rẹ̀ síbi tí máàkì kò sí.

Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá tí yóò sọ pé èdè yìí kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1970 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà mọ. Kẹ́mísírì jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọwọ́ ètò náà kò sì tó o. Nígbà tí olùkọ́ kẹ́mísírì ní Òṣogbo tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde bá rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò yé kíláàsì, yóò yà sí Yorùbá lójijì. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó lò, nítorí náà èyí tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni ó ń lò. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣini lọ́nà burú ju àìsí ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe yọ́ yẹ̀ wò. Òrí yọ́ nínú oòrùn, iyọ̀ yọ́ nínú omi ọbẹ̀. Ẹnu Yorùbá kò ṣì í sọ rárá, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nínú kẹ́mísírì. Òrí tí ó yọ́ kò fẹ́ ohun mìíràn ju ooru lọ. Òrí náà ni síbẹ̀, ó kàn ń ṣàn ni. Ti iyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ nìkan, láìsí omi, kò lè di ohun tí ń ṣàn àfi bí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí 801 lórí ìwọ̀n Celsius. Nínú omi, ńṣe ni àwọn áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tú ká láàrin àwọn mólékù omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ lo yọ́ fún méjèèjì yóò ka ìbéèrè lórí ìwọ̀n ooru tí nǹkan fi ń yọ́, yóò sì mú ìdáhùn tí ó jẹ mọ́ bí nǹkan ṣe ń tú ká nínú omi. Èdè kò sì ṣàìní àtúnṣe, nítorí yòrò wà nílẹ̀. Bí a bá fi yọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ooru, tí a sì fi yòrò sílẹ̀ fún iṣẹ́ omi, a kò dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan. A kàn pín iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ méjì tí ń jẹun nínú àwo kan náà tẹ́lẹ̀ ni.

Ti ásíìdì díjú ju èyí lọ. Ohun méjì ni ìdánwò ń béèrè: bí ásíìdì tí ó wà nínú omi ṣe pọ̀ tó, àti bí ásíìdì náà ṣe ń tú ká sí áyọ́ọ̀nù tó. Ní ti èkínní, Yorùbá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú kí kẹ́mísírì tó dé. Ògì a máa ki. Ẹlẹ́mu a máa bu omi la ẹmu. Ásíìdì kíki àti ásíìdì àbomilà yóò yé ọmọ tí kò tí ì wọ yàrá ìwádìí rí. Ní ti èkejì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sọ pé ásíìdì líle. Ọ̀rọ̀ náà kò dára tó. Ọtí líle lẹ́nu Yorùbá ni ọtí tí a kò bu omi là, èyí ni pé líle àti kíki ti di ọ̀kan náà lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wo ibi tí èyí lè gbé e dé. Ásíìdì háídróklóríkì tí ó jẹ́ 0.001 móólù nínú lítà kan jẹ́ àbomilà gidigidi, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni ó tú ká, pH rẹ̀ sì jẹ́ 3. Ásíìdì tí ó ń mú kí ẹmu kan, bí ó bá jẹ́ móólù 1 nínú lítà kan, kò tó mólékù kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tí ń tú ká. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó pọ̀, pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.4. Ẹni tí ó rò pé pH ni a fi ń mọ èyí tí ó le yóò sọ pé ti ẹmu ni, yóò sì kùnà. Atúkátán àti atúkádíẹ̀ ni ó yẹ kí a máa pe irú ásíìdì méjèèjì. Wọn kò dùn lẹ́nu tó líle, ṣùgbọ́n wọn kò parọ́.

Ní ti móólù, ó sàn kí a fi orúkọ àyálò náà sílẹ̀ bí ó ti rí, kí a sì fi ìmọ̀ àbínibí ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ka owó ẹyọ ní ọ̀kẹ́, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Owó ẹyọ kéékèèké ti erékùṣù Maldives wà, èyí tí ó tóbi jù ú lọ tí àwọn oníṣòwò kó wá láti Zanzibar ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà. Ẹni tí ó ru ọ̀kẹ́ kan ti àkọ́kọ́ àti ẹni tí ó ru ọ̀kẹ́ kan ti èkejì ru iye kan náà, ṣùgbọ́n ọrùn wọn kò ní sọ ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni móólù rí. Láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni a ti fi iye rẹ̀ múlẹ̀ sí 6.02214076 × 10²³ gééré. Móólù kan èédú jẹ́ gíráàmù 12, ti iyọ̀ jẹ́ 58.5. Ọmọ tí ó ti mọ èyí kò ní bẹ̀rù ìbéèrè tí ó sọ pé kí a da ásíìdì tí ó tó sórí gíráàmù 10 òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Móólù kan òkúta náà jẹ́ gíráàmù 100. Nítorí náà ìdá mẹ́wàá móólù ni ó wà níbẹ̀, gáàsì tí yóò sì jáde yóò jẹ́ lítà 2.24 ní ìwọ̀n ooru àti ìfúnpá tí ìdánwò máa ń lò. Èyí kì í ṣe eré ìdánwò lásán. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára jẹ́ gíráàmù 9 nínú lítà kan, èyí tí í ṣe 0.154 móólù. Ẹni tí ó bá gbé àmì ìdámẹ́wàá sí ibi tí kò yẹ níbẹ̀ kò pàdánù máàkì nìkan.

Ẹ̀kọ́ nípa epo, ọtí àti ọṣẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tí ó ti rí ìyá rẹ̀ tí ó ń po epo pọ̀ mọ́ omi eérú láti fi ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ ìdajì rẹ̀.

Èyí tí ó ń da àwọn olùkọ́ pàápàá láàmú ni ipò tí ìṣesí méjì tí ó dojú kọ ara wọn bá ń lọ ní ìyára kan náà. Àwọn kan ń pè é ní ìdúró, bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn mìíràn ń sọ pé ọgbọọgba, akẹ́kọ̀ọ́ a sì rò pé iye ohun tí ó wà ní apá òsì àti apá ọ̀tún dọ́gba. Ìkíní kò tọ̀nà, èkejì sì ń ṣini lọ́nà. Bí ènìyàn 50 bá ń wọ ọjà ní wákàtí kan, tí 50 sì ń jáde, iye àwọn tí ó wà nínú ọjà kò yí padà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kò dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kò sì sí ẹni tí ó sọ pé àwọn tí ó wà nínú ọjà dọ́gba pẹ̀lú àwọn tí ó wà nílé. Ìlọbọ̀-adọ́gba ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ ohun tí ó dọ́gba gan-an: ìlọ àti ìbọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ dé ilé ìwòsàn. pH ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà láàrin 7.35 àti 7.45, ìlọbọ̀ láàrin káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì, omi àti áyọ́ọ̀nù báíkábónéètì sì wà lára ohun tí ó dì í mú síbẹ̀. Bí aláìsàn bá ń mí hẹlẹhẹlẹ ju bí ara rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ, gáàsì náà ń jáde, ìlọbọ̀ yóò fà sí apá ibi tí ó ti dínkù, áyọ́ọ̀nù ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ yóò dínkù, pH yóò sì ga.