Kí A Tó Ra Iná, Ẹ Jẹ́ Kí A Tún Ilé Ṣe

Nígbà àjọ̀dún, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ni jẹnẹrétọ̀ ńlá, ẹ̀rọ amúlétutù àti iná sólà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi ara wa: kí ni ó ń mú kí àwọn kíláàsì àtijọ́ gbóná tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo àwọn ilé míṣọ́n àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà: ògiri wọn nípọn, àjà wọn ga, wọ́n sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ooru ọ̀sán tó la ògiri amọ̀ tí ó nípọn já. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn kan ògiri, fèrèsé tí ó kọjú sí ara wọn sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn orí òkè gba inú ilé kọjá. Irú ọgbọ́n yìí ni Maxwell Fry àti Jane Drew lò nígbà tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1950.

Àwa fúnra wa ni a ba nǹkan jẹ́. Àwa tí a jọ jáde lọ́dún kan náà dáwó, a yọ fèrèsé onípákó, a fi gíláàsì tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀. A pè é ní ọ̀làjú, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣí. Páànù pẹ̀lú ti dípẹtà. Kò dá ìtànṣán oòrùn padà mọ́, ó ń gbà á mọ́ra ni. Níbi tí àjà ti já, orí àwọn ọmọ ni ooru náà ń bọ́ sí.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tí a kà sí ipele àkọ́kọ́ nínú oníbàárà iná ń san ju ₦200 lọ lórí ẹyọ iná kan. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan sì ń jẹ iná tó ti fáànù mẹ́wàá. Bí a bá gbé e sínú ilé tí ooru ń wọ̀ láti òkè, a ń fi agbọ̀n pọn omi ni.

Nítorí náà, òrùlé ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Kí a pààrọ̀ páànù tí ó ti bàjẹ́, kí a fi ọ̀dà funfun kun èyí tí ó ṣì dára, kí a dá ihò atẹ́gùn sí abẹ́ òrùlé kí ooru lè jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí àjà àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má ṣe fi ayùn rẹ́ ẹ. Eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí, kí fèrèsé máa ṣí tán. Kí a gbin igi sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Kí gílóòbù LED oníwáàtì 9 rọ́pò ti àtijọ́ oníwáàtì 60. Ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Nígbà náà ni kí a tó ra sólà. Bátìrì díẹ̀ yóò tó, owó yóò sì ṣẹ́kù fún ìwé àwọn ọmọ. Olúwa wa kọ́ wa pé ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà jókòó.